Tí oníkànnì bá kú, ta ni yóò máa san owó dómènì?

Abẹ́là:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ bá mi dá sí àríyànjiyàn kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ní ìkànnì ti ara rẹ̀: àpilẹ̀kọ bí 400, fọ́tò bí 3,000, gbogbo rẹ̀ lórí WordPress (ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì), pẹ̀lú dómènì .com tirẹ̀, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fi ń wá ìkànnì náà. Ó fẹ́ kó ṣì ṣeé kà lẹ́yìn tí òun bá ti papò dà. Àwọn kan ní kó san owó dómènì ọdún 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Àwọn kan ní kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, Internet Archive, ilé àkójọ tó ń da ìkànnì kọ pa mọ́, ṣáà ti dà á kọ. Àwọn yòókù ní kó kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé ìhágún, kí ọmọ rẹ̀ máa bá a lọ. Òótọ́ ni pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ló ń rọ́pò, àmọ́ ọmọ ọ̀hún lè má mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dómènì rárá. Èwo ni ká mú? Tí ẹni náà bá sì kú lónìí, kí ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́?

---

OníSáfà:

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni ká kọ́kọ́ mú, torí béèyàn bá ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ìyókù á rọrùn.

Káàdì ló máa kọ́kọ́ kú. Báńkì á gbọ́ pé oníbàárà wọn ti ṣaláìsí, wọn á ti àkáǹtì pa, owó tó ń fúnra rẹ̀ jáde lóṣooṣù á dúró. Họ́ọ̀stì, ilé-iṣẹ́ tí fáìlì ìkànnì wà lórí ẹ̀rọ wọn, á fi ímeèlì ránṣẹ́ pé káàdì ò gbà. Wọn á tún fi ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Wọn á dá ìkànnì dúró, tó bá yá wọn á pa àkáǹtì náà rẹ́ pátápátá. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: ẹ̀dà ìpamọ́ tí họ́ọ̀stì ń ṣe lójoojúmọ́, inú àkáǹtì kan náà yẹn ló sábà máa ń wà. Ọjọ́ tí àkáǹtì bá lọ, ó bá a lọ nìyẹn.

Dómènì ló tẹ̀ lé e. Fún .com, .org àti irú wọn, òfin ICANN, àjọ tó ń ṣàkóso orúkọ dómènì, ní kí ẹni tó ta dómènì kìlọ̀ ní bí oṣù kan kí ọjọ́ tó pé, ní bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó pé, àti lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọjọ́ 5 lẹ́yìn tó bá ti pé. Lẹ́yìn náà, ó lè fúnni láyè títí dé ọjọ́ 45. Àwọn kan kì í fúnni tó bẹ́ẹ̀. Tí ìyẹn bá kọjá, ó ku ọjọ́ 30 téèyàn ṣì lè rà á padà, àmọ́ owó ìtanràn á gorí owó rẹ̀. Ọjọ́ 5 tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a mú. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò pé oṣù mẹ́ta. Àwọn dómènì orílẹ̀-èdè ní òfin tiwọn, òmíràn tiẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló máa rà á? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹ̀rọ wọn ò ju kó máa ṣọ́ dómènì tó fẹ́ já bọ́. Líǹkì tó ti wá síbẹ̀ láti ìkànnì mìíràn ni wọ́n ń wá. Kó tó pẹ́, orúkọ olóògbé ti di ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́.

---

Abẹ́là:

Ẹ̀gbọ́n OníSáfà, ẹ ṣeun. Ṣé ọdún 10 ọ̀hún ò wúlò nìyẹn?

---

OníSáfà:

Ó wúlò. Ọdún 10 ni òpin fún .com, kò sẹ́ni tó lè ta jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àsìkò ló ń rà fún àwọn ará ilé, kò ra ju ìyẹn lọ. Dómènì tó wà láàyè tí họ́ọ̀stì rẹ̀ ti kú, àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ti wó ni.

Ewu kan tún wà tó ju ti tẹ́tẹ́ lọ, àwọn èèyàn kì í sì í sọ ọ́. Tí olóògbé bá ń lo ímeèlì tó dá lórí dómènì rẹ̀, ẹni tó bá ra dómènì náà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń gba gbogbo ímeèlì tó bá ń wọlé síbẹ̀. Kò nílò pásíwọ́ọ̀dù kankan. Á lọ sórí Facebook, á tẹ "mo ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù mi", kóòdù á sì bọ́ sínú àpótí tirẹ̀. Bó ṣe máa ṣe é nìyẹn fún gbogbo àkáǹtì tó so mọ́ àdírẹ́sì yẹn. Nítorí náà, ímeèlì tí wọ́n fi ra dómènì kò gbọdọ̀ wà lórí dómènì yẹn fúnra rẹ̀. Àkáǹtì tó bá sì ṣe pàtàkì, kó kúrò lórí ẹ̀ nígbà tí ẹni náà ṣì wà láyé.

Bí àwọn ará ilé bá pinnu pé àwọn ò fẹ́ dómènì náà mọ́, kí wọ́n má kàn jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n san ọdún kan tàbí méjì sí i, kí wọ́n darí gbogbo ímeèlì tó ń wọlé sínú àpótí kan, kí wọ́n máa wo irú ilé-iṣẹ́ tó ń kọ̀wé síbẹ̀, kí wọ́n sì máa ti àwọn àkáǹtì wọ̀nyẹn pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ọdún kan bá yí po tí lẹ́tà gidi kankan ò wọlé mọ́, wọ́n lè jẹ́ kó lọ.

---

Ìyá_Kóòdù:

Ẹ ti sọ ti dómènì, ẹ ò tíì kan ohun tó wà nínú rẹ̀. WordPress ò ṣeé fi sílẹ̀ láìsí alámòójútó. PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni wọ́n fi kọ ọ́, dátábéèsì ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, plugin, àwọn àfikún tí ẹlòmíì kọ, sì kún un fọ́fọ́. Bí họ́ọ̀stì bá gbé PHP lọ sí ẹ̀yà tuntun, plugin tí ẹni tó kọ ọ́ ti pa tì lè dákú, ojúewé funfun ló máa kù. Bí wọn ò bá sì gbé e, àwọn gbájúẹ̀ á gba ihò ara plugin yẹn wọlé. Ọ̀nà méjèèjì ló lọ sí oko ìparun.

Abẹ́là ọmọ mi, sọ fún ẹni náà kó sọ ọ́ di HTML lásán, ìyẹn ojúewé tí bráwúsà lè ṣí láìsí PHP tàbí dátábéèsì, nígbà tó ṣì lè fojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kó kọ́kọ́ ti ibi tí òǹkàwé ti ń dá sí ọ̀rọ̀ pa. Kó yọ àpótí ìwádìí àti fọ́ọ̀mù ìkànsí kúrò, torí kò ní sí PHP tó máa dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà kó ṣí terminal, ojú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kó tẹ èyí (wget ni ètò tó ń da ìkànnì kọ):

wget --mirror --convert-links --adjust-extension --page-requisites --no-parent --wait=1 https://example.com/

--mirror ló máa jẹ́ kó tẹ̀ lé gbogbo líǹkì dé ìdí. --convert-links máa yí líǹkì padà kó lè máa tọ́ka sí fáìlì inú kọ̀ǹpútà. --adjust-extension á fi .html sí ìdí orúkọ ojúewé kọ̀ọ̀kan. --page-requisites á kó fọ́tò àti CSS, fáìlì ìrísí ojúewé, wá. --wait=1 á jẹ́ kó máa sinmi ìṣẹ́jú-àáyá kan láàárín fáìlì kan sí èkejì, kí họ́ọ̀stì má baà rò pé wọ́n wá kọlu òun. Pẹ̀lú ìsinmi yẹn, ìkànnì tó tó báyìí á gbà ju wákàtí kan lọ, kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ohun tó sábà ń já kulẹ̀: fọ́tò tí kì í yọjú àfi téèyàn bá yí ojúewé wálẹ̀. JavaScript ló ń gbé irú wọn jáde, wget kì í sì í sọ̀rọ̀ JavaScript, àpótí eérú lásán ló máa dà kọ. Kó pa plugin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni fọ́tò tó wà lórí dómènì mìíràn. Wget ò ní kúrò lórí dómènì tí wọ́n rán an sí, àfi tí wọ́n bá fi --span-hosts kún un, kí wọ́n sì fi --domains ka àwọn tó lè wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa lọ da gbogbo ayé kọ. Fídíò YouTube tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín àpilẹ̀kọ kò ní bá a wá rárá. Kó kọ ìlà kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nípa ohun tó wà nínú rẹ̀.

Tó bá tán, kó pa Wi-Fi. Kó ṣí index.html nínú bráwúsà, kó tẹ àpilẹ̀kọ mẹ́wàá tó pẹ́ jù lọ. Àwọn tó pẹ́ jù ni kó mú, torí àwọn ni wọ́n ti gbé láti ibì kan sí ibòmíràn, àwọn ni líǹkì wọn máa ń dà rú.

---

Abẹ́là:

Ṣé kò ní tóbi jù bẹ́ẹ̀, Ìyá?

---

Ìyá_Kóòdù:

Ṣírò rẹ̀. Àpilẹ̀kọ 400, ká fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní KB 10, MB 4 péré ni. Ọ̀rọ̀ kì í wọ̀n. Fọ́tò ni ẹrù. 3,000 bó ṣe jáde láti inú kámẹ́rà ní MB 4 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ GB 12. Tó bá rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ sí bíi KB 300 tó tó fún ojú ìkànnì, MB 900 ni. GitHub Pages ń gba ìkànnì tí kò bá ju GB 1 lọ, lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí káàdì tó máa kú níbẹ̀. GitHub tún gbà kéèyàn yan àrólé tí yóò máa mójú tó àwọn fáìlì tó wà ní gbangba: ẹni náà á mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, á dúró fún ọjọ́ 7, tàbí kó mú ìkéde ikú wá, kó dúró fún ọjọ́ 21. Èyí tó tóbi, GB 12 yẹn, kó fi sórí hard disk fún àwọn ẹbí.

Má wulẹ̀ sọ fún un pé ọ̀fẹ́ ni títí láé ṣá. GeoCities náà ọ̀fẹ́ ni, Yahoo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ohun tí Archive Team, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń da ìkànnì kọ, àti àwọn mìíràn ò bá sì rí kó jáde nígbà yẹn ti lọ ráúráú. Èyí tí mo rò pé ó dára nínú HTML lásán ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní fódà náà lè gbé e sórí họ́ọ̀stì mìíràn lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò nílò kó mọ dátábéèsì.

---

Jẹ́-ó-lọ:

Mo ti ń ka gbogbo yín bọ̀. Ta ló ní ó pọn dandan kó wà? Ìdajì ohun tó wà lórí ìkànnì ẹni kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún ọjọ́ yẹn. Orúkọ ìyàwó tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, àìsàn ọmọ wà níbẹ̀, ìjà pẹ̀lú ọ̀gá ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ á ti lọ, àwọn tó dárúkọ ló máa jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí dómènì kú, àní bó tiẹ̀ di ti tẹ́tẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ń gbàgbé: Pew Research ṣe ìwádìí lọ́dún 2024, wọ́n ní nínú àwọn ojúewé tó wà lọ́dún 2013, 38 nínú 100 ni kò sí mọ́ nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ayé ò bàjẹ́ torí ẹ̀.

---

Apàmọ́:

Ayé ò bàjẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jẹ́-ó-lọ, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí kì í ṣe ìdí láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìdí láti ṣà á ni. Ẹni tó mọ ìjà tó wà nínú àpilẹ̀kọ ọdún 2011 ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Tó bá fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ọ̀kan nínú ohun méjì ló máa ṣẹlẹ̀: wọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan torí ìbẹ̀rù, tàbí kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ torí àpilẹ̀kọ mẹ́ta.

Èmi ò sì fara mọ́ ọn pé oníkànnì ló mọ èyí tó wúlò. Àpilẹ̀kọ tí olùkọ̀wé kà sí iyebíye, bóyá èrò rẹ̀ lórí ìṣèlú, kò sẹ́ni tó máa wá a lẹ́yìn ọdún 20. Ojúewé tó fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tú irú rédíò kan palẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò ìdè kọ̀ọ̀kan, òun ni àwọn èèyàn á máa wá. Nítorí náà, kó yọ ohun tó lè pa ẹlòmíì lára, kó má yọ ohun tó kàn ń tì í lójú.

Ní ti Internet Archive. Ọdún 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún 2001 ni wọ́n ṣí Wayback Machine, ibi téèyàn ti ń wo ẹ̀dà ìkànnì àtijọ́, fún gbogbo èèyàn. Kò sí ohun tó dà bíi tiwọn, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹni tó ní "wọ́n ti dà á kọ" kò tíì lọ wò ó dáadáa. Kó lọ tẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà síbẹ̀, kó sì yẹ àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojúewé àkọ́kọ́ lè wà ní ẹ̀ẹ̀melòó kan, kí àpilẹ̀kọ 250 má sí níbẹ̀ rárá, tàbí kí ọ̀rọ̀ wà láìsí fọ́tò. Ẹ̀rọ wọn ń tẹ̀ lé líǹkì ni. Ojúewé tí líǹkì ò dé, ó ṣeé ṣe kó má dé ibẹ̀ láé.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Kó ṣe ojúewé kan tó ní líǹkì sí gbogbo àpilẹ̀kọ 400, láti orí èkíní dé ìkẹyìn. Kó ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Internet Archive, kó lọ sí web.archive.org/save, kó fi àdírẹ́sì ojúewé yẹn síbẹ̀, kó sì mú ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n da àwọn líǹkì inú rẹ̀ kọ pẹ̀lú. Kó padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó fọwọ́ fi sí i.

Ó tún lè gbé fódà náà lọ síbẹ̀ bíi zip, pẹ̀lú WARC, ìyẹn irú fáìlì tí àwọn ilé ìkówèésí fi ń tọ́jú ìkànnì. wget lè ṣe é: kó fi --warc-file=ikanni kún àṣẹ tuntun kan, kó sì fi --recursive --level=inf rọ́pò --mirror, torí --mirror máa ń bi fáìlì pé ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe, WARC kì í sì í bá ìyẹn rìn. Kó mọ̀ pé WARC téèyàn gbé lọ fúnra rẹ̀ kì í sábà wọnú Wayback Machine. Á wà níbẹ̀ bíi fáìlì téèyàn lè gbà sílẹ̀.

---

OníSáfà:

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn kan kọlu Internet Archive, Wayback Machine ò sì ṣeé wọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ò sọnù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Yàtọ̀ síyẹn, àdírẹ́sì lèèyàn sábà fi ń wá nǹkan nínú Wayback Machine. Ọmọ-ọmọ tí kò mọ àdírẹ́sì ìkànnì bàbá rẹ̀ àgbà á wulẹ̀ máa wòkè.

---

Apàmọ́:

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n kọ àdírẹ́sì náà sára ohun tí kì í ṣe ìkànnì: ẹ̀yìn ìwé, ìwé ẹbí, ìkéde ikú pàápàá.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan tún wà tí òfin ti fún ilé ìkówèésí wọn láṣẹ láti máa da ìkànnì orílẹ̀-èdè wọn kọ: Denmark láti ọdún 2005, Faransé láti ọdún 2006, Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2013. Ìkùnsínú tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, inú yàrá ìkàwé wọn nìkan lèèyàn ti lè kà á. Síbẹ̀, ó wà.

Bébà ńkọ́? Ẹ má fi ṣẹ̀rín. Àpilẹ̀kọ 400 ní ojúewé 2 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojúewé 800, ìwé méjì nìyẹn. Bébà tí kò ní ásíìdì, ẹ̀dà mẹ́ta, ilé mẹ́ta. USB tí wọ́n jù sínú dúrọ́ọ̀ láìfi iná kàn án fún ọdún gbọọrọ lè gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀, torí iná díẹ̀díẹ̀ tó há sínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń jò. Bébà kì í jò.

---

Amòfin_Ìdákẹ́:

Pásíwọ́ọ̀dù inú ìwé ìhágún: kó má dán an wò. Níbi púpọ̀, bí ilé-ẹjọ́ bá ti fọwọ́ sí ìwé ìhágún tán, ẹnikẹ́ni lè lọ kà á. Pásíwọ́ọ̀dù sì máa ń yí padà, ìwé ìhágún kì í yí padà ní gbogbo ìgbà. Kí ìwé ìhágún dárúkọ ẹni tó máa mójú tó ìkànnì, kó sì sọ ibi tí lẹ́tà kan wà. Inú lẹ́tà yẹn, tàbí inú àpótí pásíwọ́ọ̀dù tó lè ṣí fún ẹlòmíì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ni àwọn nǹkan tó ń yí padà yẹ kó wà. Kó yan èèyàn méjì. Ẹnì kan lè ṣáájú rẹ̀ lọ.

Kí ló wà nínú lẹ́tà ọ̀hún? Orúkọ ilé-iṣẹ́ tí dómènì wà lọ́wọ́ wọn àti ọjọ́ tó máa parí, orúkọ họ́ọ̀stì, ímeèlì tó di méjèèjì mú, àwọn kóòdù ìgbàpadà tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, ibi tí ẹ̀dà fódà HTML wà. Lẹ́yìn náà, ìlà kan tí wọ́n máa fi bírò pupa kọ: ẹ má tíì ti láìnì fóònù mi pa. Ohun tí àwọn ẹbí kọ́kọ́ ń ṣe nìyẹn láti dín ìnáwó kù. Kóòdù ìwọlé sì ń bọ̀ sórí fóònù yẹn: ti ímeèlì, ti dómènì, ti báńkì. Bí láìnì bá ti kú, ilẹ̀kùn mẹ́ta ti tì pọ̀. Tó bá sì yá, ilé-iṣẹ́ fóònù lè gbé nọ́ńbà yẹn fún ẹlòmíì.

Àwọn tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà òfin nìkan, kí wọ́n wo àsìkò tí OníSáfà kà sílẹ̀ lókè. Ẹni tó ta dómènì máa béèrè ìwé ẹ̀rí ikú, á tún béèrè ìwé ilé-ẹjọ́ tó fi hàn pé ẹni náà ló ni àṣẹ lórí ogún. Ìwé ilé-ẹjọ́ lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Dómènì ò ní dúró dè é. Àwọn kan lára àwọn tó ń ta dómènì gbà kí ẹnikẹ́ni san owó ọdún kan sí i láìwọlé sínú àkáǹtì. Ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí. Kí wọ́n sanwó ná, kí wọ́n tó máa jà nípa ẹni tó ni ín.

---

OníSáfà:

Ó péye. Bí àrólé bá sì ti wọlé, kó má sáré gbé dómènì lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Tó bá yí orúkọ ẹni tó ni ín padà, wọ́n lè dá ìgbélọ dúró fún ọjọ́ 60. Tó bá yí ímeèlì inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà, ìfiránṣẹ́ kan máa wọlé tó gbọ́dọ̀ tẹ líǹkì inú rẹ̀ láàárín ọjọ́ 15, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè dá dómènì náà dúró. Inú spam ni ìfiránṣẹ́ yẹn sì fẹ́ràn láti sùn sí. Kó san ọdún 2 sí i, kó yí ímeèlì, kó tẹ líǹkì, kó tó ronú nǹkan mìíràn.

---

Abẹ́là:

Ímeèlì gan-an ńkọ́? Tó bá jẹ́ Gmail ló di gbogbo rẹ̀ mú?

---

Amòfin_Ìdákẹ́:

Google ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Inactive Account Manager, ó ti wà láti ọdún 2013. Èèyàn á yan oṣù 3, 6, 12 tàbí 18. Tí wọn ò bá rí i lórí àkáǹtì fún àsìkò yẹn, wọn á fi ìfiránṣẹ́ sí àwọn tó bá yàn, títí dé èèyàn 10, wọ́n á sì lè gba ohun tó bá yọ̀ǹda fún wọn. Oṣù 3 ni kó mú. Ẹni tó bá mú 18, dómènì rẹ̀ lè ti di ti ẹlòmíì kí ìfiránṣẹ́ ọ̀hún tó jáde. Tí kò bá sì ṣe nǹkan kan rárá, láti oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Google ti lè pa àkáǹtì tí wọn ò lò fún ọdún 2 rẹ́.

Ti Apple ni Legacy Contact, láti iOS 15.2. Èèyàn 5 ló gbà. Àrólé gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n yàn án, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Tó bá jẹ́ inú fóònù olóògbé nìkan ló wà, asán ni.

---

Jẹ́-ó-lọ:

Gbogbo làálàá yìí! Ṣé wọn ò ní ta á fúnni ni? Mo rí i pé WordPress.com ń ta ètò ọdún 100.

---

Ìyá_Kóòdù:

Wọ́n ń tà á. Ọdún 2023 ni wọ́n gbé e jáde, $38,000. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ọdún 2005 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kò tíì pé ọdún 20 nígbà tó ń ta ọdún 100. Mi ò sọ pé ẹ̀tàn ni o. Àmọ́ wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀, ọdún 1991 ló dé ìta. Ẹni tó bá ní irú owó yẹn, kó ná díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí fódà HTML àti bébà, kó fi ìyókù ṣe ohun tó wù ú.

---

Amòfin_Ìdákẹ́:

Ohun kan kù tẹ́ ẹ ò tíì kàn. Ẹ̀tọ́ lórí ohun tó kọ ò bá a kú. Àdéhùn Berne ní kó wà fún ó kéré tán ọdún 50 lẹ́yìn ikú, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi sí 70. Ìyẹn ni pé, tí kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbé ìkànnì náà sórí họ́ọ̀stì mìíràn kó má baà parun gbọ́dọ̀ wá gbogbo àwọn ajogún kiri. Kó fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ojúewé gbogbo: CC BY 4.0, ìyọ̀ǹda Creative Commons tó ní kí ẹnikẹ́ni lò ó bó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, tàbí CC0 tí kò bá fẹ́ nǹkan kan. Kó ronú kó tó ṣe é, torí ìyọ̀ǹda Creative Commons kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà á.

Kò sì lè yọ̀ǹda ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Fọ́tò tí ẹlòmíì yà, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkàwé kọ sísàlẹ̀ àpilẹ̀kọ.

---

Abẹ́là:

Ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé pọ̀ níbẹ̀ gan-an o. Ṣé kó yọ wọ́n ni?

---

Ìyá_Kóòdù:

Má yọ wọ́n. Ibẹ̀ ni àtúnṣe sí àṣìṣe inú àpilẹ̀kọ wà nígbà púpọ̀. Wọ́n kọ ọ́ ní gbangba, kí wọ́n wà ní gbangba, ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ tòun, kí àrólé yọ ọ́. Ohun tí kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ni dátábéèsì. WordPress ń kọ ímeèlì àti àdírẹ́sì IP gbogbo ẹni tó bá dá sí ọ̀rọ̀ sínú tábìlì tí wọ́n ń pè ní wp_comments. Ẹni tó bá gbé dátábéèsì sórí Internet Archive nítorí pé ó ń tọ́jú ogún ti gbé ímeèlì àwọn èèyàn sójú táyé.

Fódà HTML ò ní ìyẹn nínú, àmọ́ ó ní èyí tó fẹ́ jọ ọ́. Àwòrán kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ Gravatar, ìkànnì tó ń tọ́jú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ló ti ń wá, líǹkì rẹ̀ sì ní àmì tí wọ́n fi ímeèlì ẹni náà ṣirò. Ẹni tó bá ti ní ímeèlì kan lọ́wọ́ lè fi í wé àmì yẹn, kó mọ̀ pé òun ló kọ ọ́. Kó lọ sí Settings, Discussion, kó yọ àmì kúrò níwájú Show Avatars.

---

Abẹ́là:

Mo ti gbọ́. Kó tó ṣe wget ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?

---

Ìyá_Kóòdù:

Kó tó ṣe é. Tó bá ti ṣe é, kó pa fódà yẹn rẹ́, kó tún un ṣe.